Galala ní Ajégúnlẹ̀, Emo ní Apápá: Orin Ìgbà Tí A Wà ní JSS

Ní oṣù Kẹta ọdún 2013, àwọn olórin Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní My Chemical Romance kéde pé ẹgbẹ́ àwọn ti túká. Ọ̀kan nínú àwa méjì tí à ń kọ àròkọ yìí kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Èkejì ń fi í rẹ́rìn-ín: "Àwọn òyìnbó wo nìyẹn? Ṣé wọ́n bá ẹ tan ni?" Nígbà tó di oṣù Keje, ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, kálukú wa sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé, ọ̀kan sí Apápá, èkejì sí Ajégúnlẹ̀. Nígbà tí ilé sú wa, a tún gbé ọ̀rọ̀ orin náà yẹ̀wò, a sì rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ajé gúnlẹ̀ síbí: ohun tí orúkọ Ajégúnlẹ̀ ń wí nìyẹn. Ṣùgbọ́n Apápá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí. Ọdún 1921 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ èbúté ibẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní 1926. Èbúté Tin Can Island tẹ̀lé e ní 1977. Àwọn ọ̀gá kọ́lé sí Apápá. Àwọn tó ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù gba yàrá sí Ajégúnlẹ̀, kí wọ́n lè máa fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Ìlàjẹ wá, Ìjọ wá, Urhobo, Ìgbò àti Haúsá náà wá, àwa Yorùbá sì wà níbẹ̀. Nínú ilé kan ṣoṣo, èdè márùn-ún lè wà. Píjìn ni gbogbo wọn fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, òun náà ni wọ́n sì fi kọrin.

Orin tí à ń sọ ni galala. Régè àti ragga tó ti Jàmáíkà wá ni àwọn ọ̀dọ́ Ajégúnlẹ̀ gbọ́ títí tí wọ́n fi sọ ọ́ di tiwọn. Ètò SAP ọdún 1986 ti fọ́ náírà yángá, ìyà ń jẹ mẹ̀kúnnù, nígbà tí òkìkí galala kàn ní àwọn ọdún 1990. Daddy Showkey, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ John Asiemo, ló ṣíwájú. Baba Fryo, tó máa ń fi nǹkan bo ojú kan, fi "Denge Pose" bú àwọn aláṣehàn. Nígbà tí àwa wọ JSS1 ní 2003, African China àti Danfo Drivers ló gbòde. Ebi, ọlọ́pàá, ìjọba tí kò ṣe dáadáa, ìyà ojú títì: ohun tí wọ́n ń kọ lórin nìyẹn. Síbẹ̀, ìlù rẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn jókòó. Wà á tẹ orúnkún, wà á gbé ìkúùkù sókè bí abẹ̀ṣẹ́, wà á máa yí èjìká. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ Ajégúnlẹ̀ inú wa lọ, orí tábìlì ni wọ́n ti ń lu ìlù rẹ̀ nígbà ìsinmi. Lọ́jọ́ kan, tíṣà kan na gbogbo kíláàsì, ó ní orin àwọn jàgùdà ni. Nígbà tó di 2006, wọ́n ti ń gbé iṣẹ́ èbúté lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù sì pàdánù iṣẹ́. Bàbá rẹ̀ wà lára wọn. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni bàbá yìí kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ṣì ń múra jáde láràárọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tó sọ ọ́, wọ́n ń lu Danfo Drivers ní ilé kejì. Bàbá dìde, ó ń jó galala láàárín yàrá, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò rí i kó jó bẹ́ẹ̀ rí.

Bí èèyàn bá kọjá ibùdókọ̀ Boundary bọ́ sí Apápá, orin mìíràn ni. Washington, D.C. ni emo ti bẹ̀rẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1980, lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ bíi Rites of Spring, tí wọn kò tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n máa pe àwọn bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ mọ́ bí nǹkan ṣe ń rí lára èèyàn ni wọ́n gé kúrú di emo. Gìtá tó ń pariwo ni, pẹ̀lú ohùn ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́. Nígbà tí àwa wà ní JSS, orí DSTV ni ọmọ Apápá inú wa ti ń gbọ́ ọ, a sì ń fi Bluetooth gbà á lórí fóònù ara wa. Ní 2006, My Chemical Romance gbé àwo The Black Parade jáde, ìtàn ọkùnrin kan tí àrùn jẹjẹrẹ ń pa lọ. Ọdún yẹn gan-an ni ìyá ọ̀rẹ́ mi, àní ọmọ Apápá yìí, kú. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní kó nu ojú rẹ̀ nù, pé ọkùnrin ni. Ó ki íápíìsì bọ etí, ó jẹ́ kí àwọn òyìnbó náà bá òun sunkún.

Wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì pé lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin bá ń lọ sílé ọkọ, yóò sun ẹkún ìyàwó, àwọn ará ilé yóò sì dúró gbọ́ ọ. Àwọn baba wa ti mọ̀ tipẹ́ pé ẹkún ní orin tirẹ̀, pé ó sì yẹ kí ẹnìkan gbọ́ ọ. Emo fún ọmọ Apápá ní àyè láti sunkún, ṣùgbọ́n òun nìkan ló wà nínú yàrá. Galala fún ọmọ Ajégúnlẹ̀ ní èrò tó pọ̀, ṣùgbọ́n ijó ni gbogbo èrò náà rí.

Ohun tó ń dùn wá jù nìyí. Nígbà tí a dé yunifásítì, ọmọ Apápá wọ ẹ̀wù dúdú tó ní àwòrán My Chemical Romance, wọ́n ní ó lajú. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ sọ fún gbogbo èèyàn pé Apápá lòun ń gbé. Ọdún méjì ló fi pa irọ́ yìí. Bí wọ́n bá lu African China ní pátì, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.

Kì í ṣe òun nìkan ló kẹ̀yìn sí i. Ní oṣù Kejì ọdún 2005, MTV Base Africa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, "African Queen" ti 2Face sì ni fídíò àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde. R&B àti hip-hop gba orí tẹlifíṣọ̀n, kásẹ́ẹ̀tì sì ń kógbá sílé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013, àwa méjì lọ bá bàbá kan tó máa ń ta kásẹ́ẹ̀tì ní Boundary. Káàdì fóònù ló ń tà báyìí.

"Ẹ kú ọjà, sà. Ṣé ẹ ṣì ní galala?"

"Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Àgbàrá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, mo ti kó gbogbo ẹ̀ dà nù."

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn olórin náà fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn tí a kò gbọ́ rí. A kọ wọ́n sílẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, bí irú kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ nù. À ń gba ohùn ìjálá àti rárà sílẹ̀ kí wọ́n má bàa parun. Ó yẹ kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún galala náà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní Píjìn kì í ṣe Yorùbá, ta ló ń gbé inú àwọn ilé yẹn pẹ̀lú wọn? Èyí tó ti Ajégúnlẹ̀ wá nínú wa fẹ́ fi í ṣe àpilẹ̀kọ àṣekágbá rẹ̀. Ó ti bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Bàbá ní òun ni kó kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò.