Ilẹ̀ Ẹlòmíràn Tí Wọ́n Fi Tu Hitler Lójú

Ẹni tí ó bá fẹ́ dá Neville Chamberlain, ẹni tí ó ṣe olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà ayé Hitler, lẹ́bi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rántí irú ogun tí ó ti kọjá lórí àwọn tí ó ń ṣe olórí fún, nítorí pé láti 1914 títí di 1918 ni ikú fi ilẹ̀ Faransé àti ti Flanders ṣe oko, débi pé agbára káká ni a fi lè rí abúlé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní òkúta ìrántí tí a kọ orúkọ àwọn ọmọ bíbí ibẹ̀ sí. Ọ̀fọ̀ ni ó kọ́ wọn láti kórìíra ogun, ẹnikẹ́ni kò sì lè fi èyí bú wọn. Ohun tí mo fi bá wọn wí ni pé wọ́n jẹ́ kí ìkórìíra ogun di ìgbàgbé ogun. Ní 1919 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ fún àwọn ọ̀gágun pé kí wọ́n máa ṣètò ìnáwó wọn bí ẹni pé ogun ńlá kan kò ní í jà fún ọdún 10. Nígbà tí ó sì di 1928, Winston Churchill gan-an, ẹni tí àpò ìjọba wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, ni ó mú kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ọdún 10 náà lákọ̀tun lójoojúmọ́, tí ọjọ́ ogun fi ń sún síwájú bí wọ́n ti ń sún mọ́ ọn. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Ṣùgbọ́n 1932 ni wọ́n tó pa òfin yìí tì, oṣù díẹ̀ péré kí Hitler tó gorí àga ní Jámánì.

Etiópíà ni àwọn apàṣẹ-wàá ti kọ́kọ́ rí i dájú pé ọwọ́ àwọn àgbà ayé ń gbọ̀n, Etiópíà ilẹ̀ Kìnnìún Ẹ̀yà Júdà, ilẹ̀ Menelik tí ó na àwọn ará Ítálì ní Adwa ní 1896 tí wọ́n fi ìtìjú padà sílé. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá 1935 ni Mussolini, olórí Ítálì, gbé ogun wọ ibẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé wà lọ́jà. Ẹgbẹ́ Àwọn Orílẹ̀-Èdè ní Geneva fòfin de àwọn ọjà kan, ṣùgbọ́n wọn kò fòfin de epo tí ọkọ̀ ogun ń mu, wọn kò sì ti ọ̀nà omi Suez tí àwọn ọmọ ogun Ítálì ń gbà kọjá lójú mọmọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Hoare, mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Laval, olórí ìjọba Faransé, tilẹ̀ jókòó ní Paris láti gé ibi tí ó pọ̀ nínú ilẹ̀ náà fún Mussolini, kí àwọn ìwé ìròyìn tó tú àṣírí rẹ̀ síta, tí Hoare sì fi ipò sílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Ítálì da gáàsì olóró sórí àwọn tí kò ní bàtà lẹ́sẹ̀. Nígbà tí Haile Selassie, ọba Etiópíà, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí Geneva ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà 1936, tí ó dìde láti fi èdè Amharic ro ẹjọ́ rẹ̀, àwọn akọ̀ròyìn Ítálì ń súfèé lé e lórí. Láìpẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé òfin ọjà náà kúrò lórí Mussolini. Àwa náà wà lára àwọn tí ó san gbèsè yìí, nítorí pé ní oṣù Kẹta 1941 àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ni wọ́n jà ní ẹnu ọ̀nà òkè Marda, tí wọ́n sì gba ibẹ̀ wọ Harar, láti lé àwọn tí òfin epo ì bá ti dá dúró jáde.

Hitler ń wo Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé níbi ọ̀rọ̀ Etiópíà yìí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta 1936 ó kó ọmọ ogun wọ Rhineland, ibi tí àdéhùn sọ pé ẹsẹ̀ ọmọ ogun Jámánì kò gbọdọ̀ tẹ̀. Wọn kò pọ̀, Faransé sì lágbára láti lé wọn padà. Ṣùgbọ́n Paris ń wo ojú London, London ń wo ojú Paris, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Hitler fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé wákàtí 48 tí ó tẹ̀ lé e ba òun lẹ́rù púpọ̀.

Ní oṣù Kẹta 1938 ó gbé Austria mì, ó sì yíjú sí Sudetenland, àgbègbè olókè ní ààlà Czechoslovakia níbi tí nǹkan bí mílíọ̀nù 3 ènìyàn tí ń sọ èdè Jámánì ń gbé. Chamberlain, ẹni ọdún 69 tí ọkọ̀ òfurufú kò mọ́ lára, fò lọ bá a lẹ́ẹ̀mẹta ní oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ kòtò sínú àwọn ọgbà ìgbafẹ́ London tí wọ́n sì ń pín ìbòjú gáàsì fún tọmọdé tàgbà. Àwọn Czech ti pe ọmọ ogun wọn jọ, wọ́n ju mílíọ̀nù 1 lọ, wọ́n sì ṣetán. Ṣùgbọ́n ní Munich, ní òru tí ó mọ́ ọjọ́ 30, àwọn mẹ́rin ni wọ́n jókòó pín ilé onílé: Hitler, Mussolini, Chamberlain àti Daladier ti Faransé, àwọn aṣojú onílẹ̀ wà ní hótẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń retí kí a wá sọ fún wọn ibi tí a gé kúrò lára wọn. Nígbà tí ó padà dé pápá ọkọ̀ òfurufú Heston, Chamberlain na ìwé tí Hitler bá a fọwọ́ sí sókè, àwọn èrò sì hó yèè. Mo gbà pé tọkàntọkàn ni ó fi fẹ́ àlàáfíà. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fi ta Hitler lọ́rẹ kì í ṣe tirẹ̀.

Kì í sì í ṣe ilẹ̀ nìkan ni Czechoslovakia pàdánù. Orí àwọn òkè wọ̀nyẹn ni àwọn Czech mọ odi ogun wọn sí, odi tí Keitel, ọ̀gágun Hitler, sọ ní ilé ẹjọ́ Nuremberg pé inú àwọn dùn púpọ̀ pé kò di ìjà, nítorí pé ohun ìjà tí àwọn ní kò tó láti fi ya á. Lẹ́yìn tí a gba odi lọ́wọ́ wọn, kò sí ohun tí ó kù láti fi jà. Ní òru tí ó mọ́ ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 1939, Hitler mú Hácha, arúgbó ààrẹ àwọn Czech tí àyà rẹ̀ kò le, dúró ní Berlin títí aago 1 òru fi kọjá. Göring, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun òfurufú Hitler, ní òun yóò ju bọ́ǹbù sórí Prague. Ààrẹ dákú, dókítà fún un lábẹ́rẹ́, nígbà tí ó sì kù díẹ̀ kí aago 4 lù, ó tọwọ́ bọ̀wé pé òun fi ilẹ̀ òun lé Hitler lọ́wọ́. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni àwọn ará Jámánì wọ Prague nínú yìnyín.

Àwọn tí ń gbèjà Chamberlain a máa wí pé àkókò ni ó fi Munich rà, ọ̀rọ̀ wọn sì nídìí. Ní 1938 radar tí ń ṣọ́ etíkun kò tíì pé, bàálù Hurricane kò tó nǹkan, Spitfire sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n fi gba ìlú wọn là ní 1940, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í sì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n ọdún tí wọ́n fi ń múra, Hitler ń fi í múra pẹ̀lú, ó sì ń fi ohun ìjà tí wọ́n yọ̀ǹda fún un múra. Ní oṣù Karùn-ún 1940, nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Rommel, ọ̀gágun Jámánì, la odò Meuse kọjá tí wọ́n sì já wọ inú Faransé, ọ̀pọ̀ nínú táńkì tí wọ́n gùn jẹ́ èyí tí àwọn Czech rọ ní Prague.