Nígbà Tí Ohùn Ń Rìn Ṣáájú Olóhùn

Ní ayé àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ kọ́ orin ní ilé-ẹ̀kọ́ Juilliard, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New York ní 1905, tàbí ní Curtis ti Philadelphia, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1924, a máa gbéra lọ tẹ dùùrù níwájú àwọn àgbà ọ̀jẹ̀, nítorí ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-iṣẹ́ Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde ní 1963, tí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sì wọ ilé mẹ̀kúnnù, ohùn tí a gbà sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rin ìrìn-àjò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ṣáájú olóhùn, yíyan orin sì di iṣẹ́ ọgbọ́n: olùtẹ-dùùrù a mú orin Bach, kí wọ́n lè gbọ́ bí ọwọ́ òsì ti ń dá ọwọ́ ọ̀tún lóhùn, a mú sonata Beethoven tẹ̀lé e, a sì fi étude Chopin kádìí rẹ̀, kí eré ìka lè hàn. Àrùn kòrónà ti 2020 sọ àṣà fífi ohùn ránṣẹ́ yìí di dandan ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olórin, ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́: orin kékeré tí ó já gaara sàn ju orin ńlá tí ó dàrú lọ.