Èdè Gbagyi Gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí Ìtàn Àtijọ́ ní Chanchaga

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń jà fún ni pé ẹni tí kò gbọ́ èdè Gbagyi kò tíì kájú ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Chanchaga ní Minna. Àwọn Gbagyi ló ti wà lórí ilẹ̀ náà kí ojú irin tó sọ Minna di ìlú ńlá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Àmọ́ fáìlì ìjọba amúnisìn ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ olùwádìí. Èdè Haúsá ni ìjọba náà ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ní Àríwá, nítorí náà ọ̀rọ̀ àgbà Gbagyi sábà máa ń gba ẹnu ògbufọ̀ Haúsá kọjá kó tó di Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀, ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ùn.

Àwọn onímọ̀ ìtàn Íńdíà àtijọ́ ti gbà tipẹ́ pé ìtàn kò ṣeé kà láìgbọ́ èdè rẹ̀. Ọdún 1837 ni onímọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, James Prinsep, rí lẹ́tà àtijọ́ Íńdíà tí à ń pè ní Brahmi kà. Ìgbà náà la tó mọ ohun tí Ọba Ashoka kọ sára òkúta ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi. Èdè Prakrit ni ó fi kọ èyí tó pọ̀ jù. Àwọn tó wà ní Kandahar, ní Afghanistan, wà ní èdè Gíríìkì àti Aramaic. Ẹni tó gbọ́ Sanskrit nìkan kò lè dá wọn kà. Ní ti àfonífojì Indus, a kò tíì rí lẹ́tà wọn kà, a ò sì mọ orúkọ ọba wọn kan ṣoṣo.

Àwọn kan lè ní Gbagyi kò ní irú àkọlé orí òkúta bẹ́ẹ̀, pé ìwalẹ̀ ìṣẹ̀ǹbáyé ti tó. Ìwalẹ̀ lè sọ ọjọ́ orí ìkòkò. Kò lè sọ orúkọ tí ẹni tó mọ ọ́n ń jẹ́. Níbi tí ìwé kò sí, inú èdè ni ẹ̀rí wà. Ẹbí èdè kan náà ni Gbagyi, Nupe àti Ebira. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ oko, irin àti oyè wọn wéra, a óò mọ ohun tí wọ́n jọ ní kí wọ́n tó pínyà, àti èyí tí wọ́n yá lọ́wọ́ Haúsá. Ẹni tó gbọ́ èdè náà dáadáa nìkan ló lè ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe lórí Nupe fi hàn pé irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe. Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé gírámà Nupe jáde ní 1864. Onímọ̀ nípa àwùjọ ènìyàn, S. F. Nadel, náà kọ́ Nupe nígbà ìwádìí rẹ̀ láàárín 1934 sí 1936, ìwé rẹ̀, *A Black Byzantium*, sì jáde ní 1942. Lárúbáwá pẹ̀lú ṣe pàtàkì, nítorí òun ni àwọn àlùfáà Mùsùlùmí ní Bida, ìlú àwọn Nupe, fi ń kọ̀wé. Yunifásítì Ìbàdàn tilẹ̀ dá ibùdó àkójọ ìwé Lárúbáwá sílẹ̀ ní 1964.

Nítorí náà, kí àwọn ẹ̀ka ìtàn ní yunifásítì wa sọ ìdánwò èdè Gbagyi di dandan fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ gboyè ọ̀mọ̀wé lórí ilẹ̀ yìí. Kí wọ́n gba àwọn àgbà Gbagyi sí iṣẹ́ olùkọ́ èdè, kí wọ́n sì san owó tó yẹ wọ́n. Haúsá ni èdè ọjà Minna báyìí. Bí a bá fi iṣẹ́ yìí falẹ̀, ẹ̀rí tí kò sí nínú ìwé kankan yóò bá àwọn àgbà lọ.