Ìdílé àti Ìṣọ́ Oògùn ní Iléṣà àti Òṣogbo

Ó pẹ́ tí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti fi hàn pé ìdílé lè jẹ́ alábòójútó ìlera. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ti Ilé-Ìwòsàn Wesley Guild, Iléṣà, ṣètò ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí a ti fi káàdì tí a ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí lé ìyá lọ́wọ́ kí ó máa tọ́jú káàdì náà nílé.

Ìlànà fífi ìlera lé ìdílé lọ́wọ́ yìí bá ewu òde òní mu, ìyẹn àṣìlò oògùn. Ìwádìí tí ìjọba àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe fi hàn pé nǹkan bí mílíọ̀nù 4.6 ọmọ Nàìjíríà lo oògùn apàrora bíi tramadol àti kódéènì lọ́nà àìtọ́ ní ọdún 2017. Ní oṣù Karùn-ún 2018, ìjọba fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ olómi tó ní kódéènì nínú àti kíkó o wọlé. Bí irú oògùn apàrora wọ̀nyí bá pọ̀ jù lára, tàbí tí a pò wọ́n mọ́ ọtí, wọ́n lè dín èémí kù títí yóò fi dúró, tí ará ilé sì lè rò pé oorun lásán ni.

Òfin nìkan kò tó. Láti Òṣogbo dé Iléṣà, kí òbí ti oògùn tó ṣẹ́kù mọ́ inú àpótí, kí ẹnikẹ́ni má sì fún ẹlòmíràn ní oògùn tí dókítà kọ fún un. Bí a bá rí ẹni tó ń hanrun tí kò ṣeé jí, kí a má da epo pupa sí i lẹ́nu, nítorí ó lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Kí a tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí a sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn kíákíá.