Ọwọ́ Tí Ó Hun Aṣọ Olóyè: Aṣọ Ọlọ́nà Ìjẹ̀bú Láti Ọ̀sà Dé Ẹnu Odò Ọya

Kí a tó dé Elizabeth Kejì ládé ní London ní oṣù Kẹfà, 1953, Norman Hartnell ya àwòrán ẹ̀wù mẹ́sàn-án fún un láti yàn nínú wọn. Lára ẹ̀wù tí ó rán ni a ti rí àmì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà, Ọsirélíà, Índíà àti àwọn mìíràn. Nàìjíríà, tí ó wà lábẹ́ àkóso ọba náà, kò ní àmì kankan níbẹ̀. Ẹni tí ó ń ya irú ọnà bẹ́ẹ̀ ń sọ ẹni tí ó jẹ́ ará ilé àti ẹni tí kì í ṣe é, ìtàn kò sì gbàgbé orúkọ Hartnell. Kí ni ó fà á tí orúkọ irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn aṣọ oyè ilẹ̀ Yorùbá?

Aṣọ ọlọ́nà Ìjẹ̀bú, tí àwọn ọba, olóyè àti àgbà Òṣùgbó ń lò, lè tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀ràn yìí. Ìtagbè tí ọmọ Òṣùgbó ń gbé kọ́ èjìká wà lára rẹ̀. (Olúwo, orúkọ tí ọjà ẹja Ẹ̀pẹ́ ń jẹ́, jẹ́ ọ̀kan nínú oyè ẹgbẹ́ náà.) Òfì àwọn ọkùnrin ni a fi ń hun sànyán, ẹ̀tù àti àlàárì ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ kí a tó rán wọn pọ̀ di ẹ̀wù. Ṣùgbọ́n obìnrin ni ó ń hun aṣọ ọlọ́nà, lórí òfì fífẹ̀ tí a gbé nàró. Ọ̀pọ̀lọ́ àti ọ̀nì tí ó wà lára rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Òwú tí a ń fi kún un bí a ti ń hun ún lọ ni ó ń gbé wọn jáde. Bí ẹni tí ó gbé iṣẹ́ wá tilẹ̀ sọ ohun tí ó fẹ́, obìnrin náà ni yóò ka òwú, tí yóò sì pinnu ibi tí ẹsẹ̀ ọ̀nì yóò dé. Ẹni tí ó bá pè é ní ahunṣọ lásán kò tíì wo aṣọ náà dáadáa.

Àwọn tí ó kọ ìwé ni ó pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn oníṣòwò Yúróòpù ń ra aṣọ Ìjẹ̀bú lọ tà ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní. Orúkọ ìlú tó wọn láti fi dá ọjà mọ̀. Bákan náà ni ti ẹ̀wù méjì tí ó ti Àládà dé Ulm, ní Jámánì, tí ó wà nínú àkójọ tí a tẹ ìwé rẹ̀ ní 1659. Orúkọ Christoph Weickmann tí ó kó wọn jọ kò parẹ́. Ti aránṣọ kò sí. Kò yẹ kí àwọn onímọ̀ máa tún ìwé oníṣòwò kọ, kí wọ́n sì pè é ní àṣà Yorùbá.

Aṣọ náà tún gba ojú omi lọ sí ìlà-oòrùn, dé ọ̀dọ̀ àwọn Kalabari ní ẹnu Odò Ọya. Níbẹ̀ ó di aṣọ àwọn ìdílé ńláńlá, tí wọ́n tún ń tò sí ibi tí wọ́n bá tẹ́ òkú wọn sí. Wọn kò mọ Òṣùgbó, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe aṣọ ẹnikẹ́ni ṣáá. Ìjàpá ni wọ́n rí nínú ọnà rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní ikakibite, aṣọ ìjàpá. Nígbà tí ó yá, àwọn obìnrin Akwete ní ilẹ̀ Ìgbò wo ọnà náà kọ́, wọ́n sì ń hun ún lórí òfì tiwọn fún àwọn oníbàárà kan náà. Nínú orúkọ tí ó kù lára aṣọ náà lọ́hùn-ún, a ń gbọ́ ìjàpá. A kò gbọ́ Ìjẹ̀bú.