Ọ̀nà Òkun: Ìtàn Tí Ó Yẹ Kí Ará Èkìtì Mọ̀ Kí Ó Tó Lọ Gbafẹ́ ní Etíkun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ní Ìtapàjí-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, odò àti dáàmù tí ìjọba ṣe síbẹ̀ ni omi tí ojú àwọn ọmọdé mọ̀. Òkun jìnnà sí wọn. Abájọ tí ó fi jẹ́ pé, bí ọlidé bá ti ń sún mọ́lé, etíkun ni ọkàn ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ máa ń fà sí: ibi tí igi àgbọn ti tò lọ bẹẹrẹ, tí ewéko tutù yọ̀yọ̀, tí ìgbì ń lù yanrìn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ tọ̀ kì í ṣe ọ̀nà tuntun. Kí ó tó di ọ̀nà ìgbafẹ́, ó ti jẹ́ ọ̀nà iyọ̀, ọ̀nà ẹrú àti ọ̀nà ìbọn.

Iyọ̀ ni ó ṣáájú. Àwọn Ìlàjẹ, tí ilẹ̀ wọn wà ní etíkun Ìpínlẹ̀ Oǹdó òde òní, a máa se omi òkun títí yóò fi di iyọ̀. Láti ọwọ́ oníṣòwò kan sí òmíràn, láti ọjà dé ọjà, ni irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀ àti ẹja gbígbẹ fi ń gòkè wá sí àárín ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó jẹ iyọ̀ òkun ni kò fojú kan òkun títí ó fi kú.

Àwọn tí ó fojú kàn án nígbà náà kò ṣe é tinútinú. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ń jà wọ ilẹ̀ Èkìtì, àwọn Tápà sì ń fi ẹṣin kógun wá láti òkè ọya sí àwọn ìlú ìhà àríwá Èkìtì àti Àkókó. A kó ènìyàn lẹ́rú. Àwọn kan di òṣìṣẹ́ oko ní Ìbàdàn. A ta àwọn mìíràn títí dé etíkun. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ogun wọ Èkó ní 1851, tí wọ́n sì gbà á ní 1861, òwò ẹrú orí òkun kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀, àwọn ẹrú tí ó sá dé ibẹ̀ sì ń rí òmìnira. Láàárín irú àwọn bẹ́ẹ̀ àti àwọn tí ó ti Sàró padà dé ni Ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ ti dìde ní Èkó.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú a máa ti ọ̀nà Èkó pa nígbà tí ó bá wù wọ́n. Láàárín 1870 sí 1872, ìjọba Èkó lábẹ́ John Glover, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ọba Gólóbà, sapá láti la ọ̀nà mìíràn sí ìhà ìlà-oòrùn. Ọkọ̀ ojú omi ni a ó wọ̀ lórí ọ̀sà. Lẹ́yìn náà a ó fi ẹsẹ̀ rìn la igbó já dé Òde Oǹdó, kí a tó máa lọ sí Iléṣà àti Èkìtì.

Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ́ sílẹ̀ ní 1877, ọ̀nà yìí ni ó gba àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà là. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wọn ní Èkó gbà fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé àti Fábùnmi lójú ogun. Ìró àwọn ohun ìjà wọ̀nyẹn ni ó bí orúkọ ogun náà. A fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án, 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú àgọ́ ká. Láàárín àkókò náà, ní 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú; rélùwéè sì dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901. Òwò yí gba ibẹ̀, ọ̀nà Oǹdó sì dákẹ́.

Ìjọba òde òní tún so Èkìtì mọ́ òkun. Láti oṣù Kejì 1976 títí di ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kẹwàá, 1996, Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà ni Èkìtì àti Ìlàjẹ wà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ti Ìtapàjí lọ síbẹ̀ lónìí lè gba Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìfàkì àti Adó dé Àkúrẹ́, kí ó gba Oǹdó, Ọ̀rẹ̀ àti Òkìtìpupa dé Ìgbọ́kọ̀dá, kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Àwọn ètò kan sì wà tí kò ṣeé fojú fò. Ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kẹta, sàn ju ọlidé gígùn lọ, nítorí ìgbì a máa le nígbà òjò. Kí ẹnikẹ́ni má wọ ọkọ̀ láìwọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Kí a sì kọ́kọ́ béèrè bí ibi tí a ń lọ ti rí. Ayétòrò, tí àwọn ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù tẹ̀ dó ní 1947, tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tí wọ́n sì ń pín èrè pọ̀, ni òkun ti ń jẹ díẹ̀díẹ̀: ilé wó, àdúgbò pòórá, àwọn ènìyàn sì ṣí kúrò. Ohun tí àlejò ń wò fún ìdùnnú ni onílé ń sá fún.

Nítorí náà, kí olùkọ́ tí ó bá ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí etíkun má ṣe fi oúnjẹ àti owó ọkọ̀ nìkan ṣe ètò. Kí wọ́n ka ìtàn ọ̀nà náà kí wọ́n tó gbéra. Kí wọ́n sì tẹ́tí sí àwọn àgbà Ìlàjẹ bí wọ́n bá débẹ̀, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀. Ilẹ̀ tí òkun bá gbé lọ kì í padà bọ̀; ìtàn tí a kọ sílẹ̀ ni yóò ṣẹ́kù.