Ayétòrò àti Òkun: Ìdí Tí Àwọn Kan Fi Ń Ṣí Lọ, Tí Àwọn Kan Sì Dúró

Ayétòrò wà létí Òkun Àtìláńtíìkì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ó ti lé ní ogún ọdún tí òkun ti ń jẹ ìlú náà. Ilé gbígbé, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìgbẹ̀bí, ibi iṣẹ́ ọwọ́ àti itẹ́ òkú ti bómi lọ. Síbẹ̀, àwọn èèyàn ṣì ń gbé ibẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ìròyìn yìí lókèèrè a máa béèrè pé kí ló dé tí wọn ò kó kúrò. Ìtàn ìlú náà fi hàn pé bí omi ṣe ń lé èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni owó, iṣẹ́, ìgbàgbọ́ àti ìlérí ìjọba ń dá èèyàn dúró.

Ìlú àwọn tó ti ṣí rí

Ọdún 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ kan tó ya kúrò lára ìjọ Kérúbù àti Séráfù tẹ Ayétòrò dó. Wọ́n lòdì sí pípa ìbejì àti ìbọ̀rìṣà, inúnibíni sì lé wọn kúrò láwọn ìlú tí wọ́n ti wá. Ilẹ̀ ẹrẹ̀ létí òkun, tí kò sẹ́ni tó bá wọn du, ni wọ́n forí lé. Wọ́n ri òpó igi mọ́lẹ̀, wọ́n kọ́ ilé pákó lé e, wọ́n sì fi afárá pákó so ilé mọ́ ilé.

Àpò kan ni gbogbo ìlú ń ná. Apẹja, ahunṣọ, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì, ẹni tó ń kan ọkọ̀, àpò ìlú ni èrè gbogbo wọn ń wọ̀. Ibẹ̀ náà ni oúnjẹ àti aṣọ wọn ti ń jáde. Wọ́n gbẹ́ ipa omi tí ọkọ̀ ń gbà wọ ìlú, iná mànàmáná sì ti ń tàn níbẹ̀ láwọn ọdún 1950. Stanley Barrett, ọ̀mọ̀wé ará Kánádà tó ń kọ́ nípa àṣà àwọn ènìyàn, kọ odindi ìwé lórí ìlú náà ní 1977. Nígbà yẹn, àpò kan ṣoṣo ti tú: láti 1968 ni oníkálukú ti ń dá ṣòwò tirẹ̀.

Bí omi ṣe borí ilẹ̀

Ẹrẹ̀ ló pọ̀ jù létíkun Ìlàjẹ, ilẹ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú omi. Láàárín 1901 sí 2018, ojú òkun lágbàáyé fi nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà ga sí i, nítorí pé yìnyín ń yọ́, omi tó ń móoru náà sì ń wú. Nílẹ̀ tó tẹ́jú báyẹn, ìwọ̀nba yìí tó láti jẹ́ kí ìgbì wọlé tọ èèyàn.

Yàtọ̀ sí èyí, àwọn ará Ìlàjẹ ní ẹ̀sùn kan. Wọ́n ní ipa omi tí àwọn ilé iṣẹ́ epo gbẹ́ ló ṣínà fún omi iyọ̀ wọ inú odò wọn, tó sì pa igi àti ẹja. Ní oṣù Karùn-ún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ lọ fi ẹ̀hónú hàn níbi ìwapo Parabe tí ilé iṣẹ́ epo Chevron ń lò lórí òkun. Àwọn ológun fi hẹlikópítà dé bá wọn, wọ́n sì yìnbọn pa méjì nínú wọn. Ẹjọ́ náà dé kóòtù ní San Francisco, níbi tí wọ́n ti dá Chevron láre ní 2008.

Àwọn tó lọ

Ilé pákó ṣeé tú. Bí ìgbì bá ti sún mọ́ tòsí, wọ́n á ṣí páànù, wọ́n á yọ ìṣó, wọ́n á to pákó jọ, wọ́n á sì lọ ri òpó tuntun sẹ́yìn ìlú. Àwọn ìdílé kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣọ́ọ̀ṣì ìlú pàápàá ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Èyí ni ìṣípò àkọ́kọ́.

Ìgbà tí ẹ̀yìn ìlú náà bá di omi ni àwọn mìíràn ń wọkọ̀ lọ sí ìlú Ìgbòkọ̀dá, ní Ìlàjẹ kan náà. Ní 1885, Ravenstein, onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ṣèwádìí lórí ìṣípòpadà, ti ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ṣí kì í lọ jìnnà. Àwọn ará Ayétòrò tó bá sì lọ jìnnà, ibi tí ará wọn wà ni wọ́n ń lọ. Ó pẹ́ tí àwọn Ìlàjẹ ti ń gbé ní Mákòkó àti Bàrígà létí ọ̀sà Èkó, torí pé orí omi ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n jẹun. Ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀ náà: ní oṣù Keje 2012, ìjọba wó lára àwọn ilé Mákòkó. Ìwádìí Foresight lórí ìṣípòpadà àti àyíká, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 2011, ti kìlọ̀ nípa irú èyí, pé ọ̀pọ̀ ló ń ṣí láti inú ewu kan bọ́ sínú òmíràn.

Àwọn tó dúró

Ìwádìí Foresight kan náà sọ pé ẹni tí ìyà ń jẹ jù lọ ni kì í rówó ṣí. Ọkọ̀ wíwọ̀, ilé gbígbà, àti oúnjẹ títí iṣẹ́ tuntun yóò fi jẹ́, gbogbo rẹ̀ ló ń béèrè owó. Bí òkun bá ti gba ọkọ̀ àti àwọ̀n lọ́wọ́ apẹja, ohun tí ì bá tà kó lè lọ ti lọ nìyẹn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò yàn láti dúró; ọ̀nà ni kò sí.

Àwọn mìíràn wà tó mọ̀ọ́mọ̀ dúró. Ẹja wà nítòsí, àwọn obìnrin sì ń rí èyí tí wọ́n ń yan tà. Ìlú mímọ́ ni Ayétòrò lójú wọn, orí ìgbàgbọ́ ni àwọn bàbá wọn fi ìdí rẹ̀ lé. Ìlérí sì wà nílẹ̀: láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 ni NDDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, ti gbé iṣẹ́ ìdènà òkun síta, tí iṣẹ́ náà kò sì parí. Ẹni tó ń retí ìdènà ń rò ó pé bí ìlú bá tú tán, kò ní sẹ́ni tí wọn yóò kọ́ ọ fún mọ́.

Ohun tí òfin sọ

Àdéhùn àgbáyé ti 1951 lórí ogúnléndé kò dárúkọ omi tàbí ọ̀dá. Ní 1985, Essam El-Hinnawi, ọmọ Íjíbítì, kọ̀wé fún UNEP, àjọ àgbáyé lórí àyíká, lórí àwọn tí ìbàjẹ́ àyíká sọ di ogúnléndé. Àdéhùn Kàm̀pálà tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe ní 2009 ló ní kí ìjọba dáàbò bo ẹni tí àjálù tàbí ìyípadà ojú ọjọ́ lé kúrò nílé láàárín orílẹ̀-èdè rẹ̀. Nàìjíríà fòǹtẹ̀ lù ú ní 2012. Ní 2023, Ọsirélíà bá erékùṣù Tuvalu, tí òkun ń halẹ̀ mọ́, ṣe àdéhùn láti máa gba 280 èèyàn ibẹ̀ lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n inú orílẹ̀-èdè wọn ni àwọn ará Ayétòrò ti ń ṣí, wọn kò nílò físà. Ilẹ̀ tó súnmọ́ omi, tí ẹnikẹ́ni kò ní wá wó ilé wọn níbẹ̀, ni wọ́n nílò.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè pé kí ló dé tí wọn ò lọ fi yẹ kó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Kí wọ́n kọ́ ìdènà fún ẹni tó fẹ́ dúró, kí wọ́n pèsè ilẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ lọ, kí àwọn ará ìlú fúnra wọn sì wà níbi tí wọ́n ti ń pinnu méjèèjì. Ìgbà tí ọkọ̀ àti àwọ̀n ṣì wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn ni ìrànwọ́ yẹn wúlò jù.